Etí Tí A Rán

Mi ò fẹ́ràn ajá náà níbẹ̀rẹ̀, kí n má parọ́. Olè ni. Bí mo bá yíjú báyìí, ẹja ti kúrò lórí ààrò. Torí rẹ̀ ni mo ṣe máa ń gbé òkúta lé ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ mi ní abúlé Lèma, nígbà tí a jọ ń gbé, èmi, ọkọ mi tó jẹ́ ọdẹ, àti abo ajá pupa yẹn. Mi ò ní í dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Bí mo bá pè é, màá sunkún.

Ìmàdò ló yí ọkàn mi padà. Ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí Dahomẹ gba òmìnira. Ọkọ mi yìnbọn fún ìmàdò kan lẹ́yìn òkè, ọta kò wọlé dáadáa, ẹran bá dojú kọ ọ́. Ó fẹ́ sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ há sáàárín àpáta. Ajá ló kó sáàárín wọn. Ìmàdò fi eyín la etí ọ̀tún rẹ̀ láti òkè dé ìdí, síbẹ̀ kò yẹsẹ̀ títí ọkọ mi fi tún ìbọn kì. Nígbà tí wọ́n délé, mo gbé odindi orí ẹja fún un. Èmi náà ni o!

Etí yẹn jinná, ṣùgbọ́n ó jinná ní méjì. Àwọn ọdẹ yòókù ń pè é ní Elétí-mẹ́ta, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọn á fi di ìhà mú. Ọkọ mi á bá wọn rẹ́rìn-ín, á délé, kò ní í lè jẹun.

Àbùkù náà ní èrè tirẹ̀. Lọ́dọọdún, àwọn ọdẹ wa a máa fi ajá kan bọ Ògún, ilé tó bá kàn ni yóò mú un wá. Ajá tí ilé náà fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ni, kò sì gbọdọ̀ ní àléébù kankan lára. Lọ́dún yẹn, ilé wa ló kàn. Olórí àwọn ọdẹ wá, ó wo etí tó ya, ó mi orí, ó ní kí ilé tó tẹ̀lé wa mú tiwọn sílẹ̀ de ọjọ́ ìbọ, tó ṣì ku oṣù mélòó kan. Mo wọ yàrá lọ, mo jó.

Kò pẹ́ sí i ni ìjọba kéde ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn ní Ìdáàṣà. Wọ́n ní àwọn ajá ọdẹ náà yóò wà níbẹ̀, dókítà ẹran ń bọ̀ láti Kútọnu tí yóò yẹ ẹ̀yìn wọn wò, àti ẹsẹ̀, àti eyín, àti etí, èyí tí ara rẹ̀ bá pé jù ni yóò gba ipò kìíní. Ọkọ mi fẹ́ kí gbogbo ayé rí ajá tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là, kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi í rẹ́rìn-ín. Ó bá gbé e lọ bá ọkùnrin tó ń di ọgbẹ́ ní ilé ìtọ́jú. Ìyẹn gé ẹ̀gbẹ́ etí náà kó lè ṣẹ̀jẹ̀, ó sì fi òwú tín-ín-rín rán an pọ̀. Ọkọ mi gbé orí ajá lé itan, ó ń lé eṣinṣin fún un lójoojúmọ́ títí ó fi jinná. Nígbà tí irun hù bò ó, àfi kí o fi ìka wá ojú àpá náà.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, mo ró aṣọ tí mo fi ń lọ sí máàsì. Ajá abúlé Tré wà níbẹ̀, ti abúlé Gbaffo wà níbẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò níwájú bírò, ilé iṣẹ́ ìjọba. Dókítà ẹran la ẹnu ajá tiwa, ó fọwọ́ ra á lẹ́yìn, ó ní kó rìn lọ, kó rìn bọ̀. Lẹ́yìn náà ló di etí rẹ̀ mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ̀rọ̀ ní Faransé, ògbufọ̀ sì pariwo fún gbogbo èèyàn:

“Mesyé dókítà ní kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀!”

Ipò kìíní! Wọ́n fún ọkọ mi ní abọ́ tánganran ńlá kan. Mo hó títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ. Ìgbà tí mo yíjú ni mo rí ọkùnrin ilé tó tẹ̀lé wa, tí ajá tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún Ògún. Kò pàtẹ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ajá rẹ̀ lórí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí Ògún: ajá wa kò ní àléébù mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, olórí àwọn ọdẹ dé. Inú tirẹ̀ náà kò dùn.

“O gbọ́ ohun tí wọ́n wí lójú gbogbo èèyàn,” ló sọ fún ọkọ mi.

“Mo gbọ́, Bàbá.”

Èmi ò lè dákẹ́. “Bàbá, ṣebí ẹ fojú yín rí etí tó ya?”

“A rí i, ìyàwó wa. A sì rí i pé ẹ ti tún un ṣe. Ilé yín ló kàn.”

Bó ṣe jáde ni mo mú ọ̀bẹ wá. Mo ní, “Bàbá ọmọ, ya á padà! Ṣebí a ti ṣe ìrìbọmi, kí ni Ògún fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa?”

Ó gba ọ̀bẹ, ó di etí ajá mú. Ajá lá a lọ́wọ́. Ọkọ mi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Irin Ògún ni mo fẹ́ fi pa irọ́ fún Ògún yìí. Bí àwọn ọdẹ bá mọ̀, ta ni yóò tún bá mi wọ igbó?”

Mo bú u. Mo bú dókítà ẹran, mo bú abẹ́rẹ́ àti òwú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún ìbọ, ó gbé àpò ọdẹ kọ́ èjìká. Ajá rí àpò, ó rò pé igbó ni wọ́n ń lọ. Ó ń fò mọ́ ọn, ó ń ju ìrù, ó sáré ṣáájú lọ́nà òkè, ó tún dúró bojú wẹ̀yìn wò ó pé kí ló ń fà á sẹ́yìn. Òun nìkan ni inú rẹ̀ dùn ní gbogbo ilé wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ọkọ mi nìkan ló padà wálé. Ní ọjọ́ kejì, mo se ọbẹ̀ ẹja, mo gbé òkúta kí n gbé e lé ìdérí, mo bá rántí. Mo fẹ́ jù ú síta. Ọkọ mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà.

“Jọ̀ọ́,” ló wí, “gbé e lé e.”

Mo gbé e lé e. Títí ọkọ mi fi kú, mi ò se ọbẹ̀ kan kí n má gbé e lé e.