Yàrá Tí Morádéún Fi Du Aboyún

Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí Morádéún sí, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ tí bàbá rẹ̀ fi owó ẹrù-gbígbé ní èbúté Àpápá kọ́. Nígbà tí bàbá kú, ó jogún ilé náà, ó sì jogún ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá mọ́ ọn: "Ẹni tí kì í bá ṣe Yorùbá, má fún un ní yàrá." Kò béèrè ìdí rẹ̀ rí. Ohun tí òun náà ń sọ fún Mùnírù, ẹ́jẹ́ǹtì tó ń bá a wá ayálégbé, nìyẹn, fún ọdún mọ́kànlá gbáko.

Lẹ́yìn ìdìbò kan tí àwọn aládùúgbò bú ara wọn tìran-tìran, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí dá ìpàdé ìjíròrò sílẹ̀, kí ẹ̀tanú ẹ̀yà lè dópin láàárín wọn. Kíláàsì kan nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń lò, lọ́sàn-án Sátidé. Òfin wọn kò pọ̀: sọ ohun tí ojú ìwọ fúnra rẹ rí, má sì já lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì fi Morádéún ránṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kẹta tó lọ, aránṣọ kan tó ń jẹ́ Oghenefejiro dìde. Ó ní nígbà tí oyún òun pé oṣù méje, òun lọ wo yàrá kan. Òun ti ń fojú wọn ibi tí ibùsùn ọmọ máa wà, nígbà tí obìnrin kan ké láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: "Mùnírù, ẹ̀yà wo nìyẹn?"

"Mo ní Uróbò ni mí," ni Fejiro wí. "Wọ́n ní, 'Wọ́n ti gba yàrá yẹn.' Wọn ò tiẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá wo ojú mi. Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo bímọ sí, àwa méje nínú ẹ̀."

 Morádéún ló ké lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìpàdé yẹn, ó pa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ. Nígbà tí Títílọpẹ́ ọmọ rẹ̀ bi í pé kí ló dé, ó ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó lọ. Kò dúró kí wọ́n pe òun.

"Fejiro, èmi ni mo ké láti òkè. Kò sí Uróbò kankan tó ṣẹ̀ mí rí. Dákun, má bínú."

 Fejiro tẹjú mọ́ ọn.

"Mama, kí lẹ ń bẹ̀rù?"

Morádéún ní, "Mi ò mọ̀. Mo kàn bá ìbẹ̀rù yẹn nílé ni."

"Mo ti gbọ́," ni Fejiro dáhùn. "But I no fit say e don finish today. Ẹ ṣáà máa wá."

Morádéún sì ń lọ. Nígbà tí yàrá kan ṣófo nílé rẹ̀, ó pe Mùnírù. "Iṣẹ́ àti ìwà ẹni tó bá wá ni kí o béèrè. Màá sọ̀kalẹ̀ wá rí i fúnra mi." Amarachi, ọmọ Ígbò tó ń ṣe irun, ló gba yàrá náà. Àwọn ará ilé kan kùn. Morádéún ní kí wọ́n wá kùn nípàdé. Àwọn méjì wá lóòótọ́.

Fejiro kò kó wá sílé Morádéún, ó ti rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Ìjọra fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé tiwọn, àwọn méjèèjì ni ìpàdé Ajégúnlẹ̀ rán lọ bá wọn. Nínú kẹ̀kẹ́, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ni, Mama," ni Fejiro wí. "Tí mo bá ṣáájú, wọ́n á ti bú yín tán kẹ́ ẹ tó lanu."

Morádéún rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.