Oníbúrẹ́dì Aláwọ̀ Eérú

Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí àkùkọ ṣíwájú òun jí. Nọ́ọ̀sì ni, àmọ́ kì í jókòó sí ọsibítù de aláìsàn. Òun ló ń lọ bá wọn nílé, àwọn tí ọpọlọ wọn ti dàrú rí, tí ara wọn ti wá ń balẹ̀. Á fún wọn ní abẹ́rẹ́, á béèrè bí wọ́n ṣe sùn, á bá wọn ṣàwàdà. Kí oòrùn tó mú, ó ti parí iṣẹ́. Lójú tirẹ̀, ẹni tí oòrùn bá ká mọ́ orí ibùsùn, ọ̀lẹ paraku ni. Èmi tí mo fẹ́ràn oorun, mo ti jẹ́ orúkọ yẹn títí ó fi mọ́ mi lára.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé ọ́fíìsì wọn, inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe dùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa lọ, kò sì fi pamọ́ fún mi. Nọ́ọ̀sì méjì péré ni wọ́n, àdúgbò sì fẹ̀. Tó bá ti kúrò nílé aláìsàn, á tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù: ó wà nílé, kò sí nílé, ó ń lo oògùn, kò lò ó. Kọ̀ǹpútà á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, á fi àwọ̀ sí orúkọ kọ̀ọ̀kan. Pupa ni ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ sáré lọ wò. Aláwọ̀ eérú ni ẹni tó jọ pé kò gbé ibẹ̀ mọ́, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíì. Ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ì bá ti padà sí ọsibítù ló wà nílé ara rẹ̀ lónìí.

Ọjọ́ kan ló dé tòun ti ìrònú. Ọkùnrin kan wà tó máa ń gbọ́ ohùn tí kò sí ẹnì kankan nídìí rẹ̀. Ìyàwó mi bá a fà á títí àwọn ohùn náà fi dákẹ́, ó sì wá ríṣẹ́ sí ilé búrẹ́dì. Àfi bí wọn kò ṣe rí i mọ́. Ìyàwó mi kanlẹ̀kùn, ó tún kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Kọ̀ǹpútà ti fi àwọ̀ eérú kùn ún. Bí wọ́n bá yọ ọ́ ní ìpàdé ọjọ́ kejì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á dáwọ́ dúró, àwọn ohùn yẹn á sì padà wá bá a.

“Àbí ó ti kó lọ ni?” mo bi í.

“Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, Dádì. Ta ló ń kó lọ láìwọ bàtà?”

Nígbà tí wọ́n kan orúkọ rẹ̀ ní ìpàdé, ìyàwó mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì yọ ọ́. Ọmọbìnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní, “Ẹ jẹ́ ká bi kọ̀ǹpútà ní nǹkan míì, mà.” Ó to gbogbo “kò sí nílé” jọ ní títẹ̀lé aago tí ìyàwó mi tẹ̀ wọ́n sínú fóònù. Òwúrọ̀ ni gbogbo wọn. Ìrọ̀lẹ́ ṣófo, torí ìyàwó mi kì í lọ sílé ẹnikẹ́ni nírọ̀lẹ́.

Dókítà wọn bú sẹ́rìn-ín. “Nọ́ọ̀sì, búrẹ́dì tí ẹ fi ń mu tíì láàárọ̀, ìgbà wo lẹ rò pé wọ́n ń ṣe é?”

Ojú ti ìyàwó mi. Ó mọ̀ pé ọkùnrin náà ríṣẹ́ o, àmọ́ kò wá sí i lọ́kàn pé ẹni tó fi gbogbo òru dúró ti iná gbọ́dọ̀ sùn láàárọ̀. Wọ́n ní kó lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, nírọ̀lẹ́. Bí kò bá rí i, ó parí nìyẹn.

Èmi ni mo fi alùpùpù mi gbé e lọ. Ilẹ̀kùn ṣí lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà ti múra ibi iṣẹ́. Ó wo ìyàwó mi, ó wo èmi náà, ó wá fọwọ́ kan apá ìyàwó mi díẹ̀.

“Àǹtí Nọ́ọ̀sì! Ṣé ẹ̀yin lẹ wá lóòótọ́?”

“Èmi ni. Mo ti ń wá láràárọ̀. Ṣé oorun ni kò jẹ́ kí o gbọ́ mi?”

“Mo gbọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Aṣọ ni mo fi borí. Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà sọ fún mi pé bí mo bá ń gbọ́ nǹkan, kí n má dá a lóhùn.”

Àánú ọkùnrin náà ṣe mí gan-an. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń wá a kiri, ṣe ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, tí ẹ̀rù ń bà á pé àìsàn náà ti padà dé.

“Kì í ṣe orí mi?” ó béèrè.

“Kì í ṣe orí ẹ, àbúrò mi. Ọwọ́ mi yìí ló ń kan ilẹ̀kùn.”

Ó jókòó sórí ibùsùn, ó mí kanlẹ̀. Ó gba abẹ́rẹ́ láì janpata. Bí a ṣe fẹ́ máa lọ, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá jáde, ẹ bá mi tún ilẹ̀kùn yìí kàn.”

A jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi kàn án.

“Ta nìyẹn o?”

“Èmi ni,” ìyàwó mi dáhùn, omi lójú rẹ̀.

“Ẹ wọlé o. Mo gbọ́ yín.”