Omi Ìkògòsì Lẹ́nu Àbúrò Mi

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì eyín kí n tó fẹ̀yìn tì padà sí Àrámọkọ. Àbúrò mi obìnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi, la jọ ń gbé ilé bàbá wa. Nígbà tí eyín rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, mo ń retí kó bi mí. Fóònù ló bi.

Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń ṣe fídíò nípa eyín yíyọ. Ó pupa, ẹnu rẹ̀ dùn. "Dókítà mi" ni àbúrò mi ń pè é. Bí mo bá ti la ẹnu, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ayé ti lajú o." Mo jowú. Mo jowú ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ, tí ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wà láyé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ eyín náà ní Adó, bí a ṣe délé ló ní kí n wá jókòó ti òun ká jọ wo fídíò ìtọ́jú ojú ihò. Mo ń wá àṣìṣe, n ò rí. Ìyẹn gan-an dùn mí. Àfi ìgbà tó ní kí wọ́n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ oníyọ̀ ṣan ẹnu. Kò sọ pé ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló ń bo ihò yẹn. Bí omi bá ṣàn án lọ, eegun á wà níhòòhò. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Mo ní jẹ́ kó kàn án lára, á mọ ẹni tó jẹ́ dókítà nínú ulé yìí.

Àbúrò mi ní omi tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ gbé kaná ló dára jù. Ó rán ọlọ́kadà sí Ìkògòsì. Kí kẹ́ẹ̀gì tó dé, omi ti tutù, ló bá tún gbé e ka sítóòfù. Ó fi ń ṣan ẹnu títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ kẹta, kò lè gbé ẹ̀kọ mì. Ìrora ti dé etí. Ká sòótọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn.

"Fídíò rẹ ni," mo ní. "Kò sọ fún ọ pé o ò gbọdọ̀ ṣan ẹnu lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Ó fọwọ́ lérèkẹ́, ó wò mí. "Ṣé ẹ ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èmi náà ò gba ọmọ yẹn gbọ́ tó bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ wá jókòó tì mí nìyẹn. Nígbà tẹ́ ẹ wò ó tán tẹ́ ẹ ò sọ nǹkan kan, mo ní ó tọ̀nà nìyẹn."