Irúgbìn Pupa Tí A Dà Sódò

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ìyá mi ní àdúgbò Kabala Doki nílẹ̀ Hausa, kò sí ohun tí àwọn àgbà ń fura sí tó ẹ̀bùn ìjọba.

Bàbá mi ti kú, aṣọ ni ìyá mi ń bá èèyàn fọ̀. Obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan dé, ó pín ilẹ̀ etí odò fún àwọn opó àdúgbò pé kí wọ́n máa gbin ẹ̀fọ́ tà. Ó fún kálukú ní irúgbìn nínú àpò bébà. Ó ní ebè tí òun kò bá bá ẹ̀fọ́ lórí rẹ̀ nígbà tí òun bá padà, ẹlòmíràn ni yóò gbà á.

Ẹ̀yin ọmọ mi, irúgbìn náà pupa fòò.

"Irúgbìn wo ló ń lé làálì?" ni ìyá mi wí. "Ta ló fẹ́ gbé e níyàwó?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹnì kan ní oògùn tí kì í jẹ́ kí obìnrin bímọ ni. Wọ́n wá pè mí, èmi akẹ́kọ̀ọ́, kí n ka ohun tó wà lára àpò. Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo rí ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀, mo sì fi ìgbéraga túmọ̀ rẹ̀: "Májèlé." Ìyókù le jù fún mi.

Wọ́n da irúgbìn sódò. Opó Hausa kan ṣoṣo ni kò da tirẹ̀.

"Haba, Màmá," ló sọ fún ìyá mi, "bí wọ́n bá fẹ́ pa wá, ṣé wọn ò ní fún wa ní ìrẹsì ni?"

"Gbìn ín, ká máa wò ọ́."

Ẹ̀fọ́ rẹ̀ hù, ó tutù yọ̀yọ̀. "Ó ti bá wọn mulẹ̀," ni ìyá mi wí.

Nígbà tí obìnrin ìjọba padà, ó ní oògùn tí kì í jẹ́ kí èèrà jẹ irúgbìn ló pupa yẹn, irúgbìn fúnra rẹ̀ nìkan ni èèyàn kò gbọdọ̀ jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sára àpò.

"Màdáámù, ẹ ò sọ fún wa," ni ìyá mi wí.

"Ẹ ò bi mí."

Lójú ẹsẹ̀ ló fi ebè wa fún ẹlòmíràn. Ìyá mi wá ń pọn omi sí ebè opó Hausa yẹn, kí a lè rí ẹ̀fọ́ gbé relé. Títí mo fi jáde yunifásítì, kò fẹnu kan ohun tí mo kà lọ́jọ́ náà.

Ilé ti bo etí odò yẹn báyìí. Ìyàwó ọmọ mi ní àdúgbò Gonin Gora ń gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò sìmẹ́ńtì lẹ́yìnkùlé. Òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kan wá bá òun àtàwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ láìpẹ́ yìí, ìbéèrè ni wọ́n fi pàdé rẹ̀, wọn ò jẹ́ kó jókòó. Ìfura kò tíì tán láàárín àwọn obìnrin ìlú yìí. Àmọ́ ojú ẹni gan-an ni wọ́n ti ń fura síni báyìí, kì í ṣe ẹ̀yìn ẹni.