Ọ̀kẹ́ Mẹ́jọ Ó Dín Mẹ́sàn-án

Irọ́ ni wọ́n ní kí n fi kọ́ àwọn ọmọ, mo sì kọ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Gwarinpa. Wọ́n ṣì ń dán mi wò. Bí tọ́ọ̀mù bá parí ni wọ́n tó máa sọ bóyá wọ́n á gbà mí pátápátá. Ọ̀gá àwa olùkọ́ ìṣirò jẹ́ ará Ìjẹ̀bú tí irun rẹ̀ ti funfun. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Òun ló ṣètò ìdánwò. Ìbéèrè kan ní: ṣé púráìmù ni 159,991, ìyẹn nọ́ńbà tí òmíràn kò lè pín láìṣẹ́kù, àfi ẹyọ kan àti òun fúnra rẹ̀? Nínú ìwé ìdáhùn, ọ̀gá kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti fi méjì, mẹ́ta, márùn-ún, méje àti mọ́kànlá dán an wò, kò pín, ló bá dúró síbẹ̀. Ọ̀nà yẹn dáa fún nọ́ńbà kéékèèké. Nọ́ńbà ńlá ò gba ìyẹn.

Èmi ò tilẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò. Ní Kabba, bàbá mi kì í jẹ́ ká ka nǹkan lédè òyìnbó nínú ilé. Òǹkà ayé àtijọ́ ló fi ń dá wa lágara. Bí mo ṣe rí nọ́ńbà náà, ohun tí ẹnu mi pè ni ọ̀kẹ́ mẹ́jọ ó dín mẹ́sàn-án. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000; ọ̀kẹ́ mẹ́jọ sì rèé, irinwó lọ́nà irinwó ni. Mẹ́sàn-án, mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta. Olùkọ́ ìṣirò wo ni kò mọ ohun tó kàn? Ẹ yọ mẹ́ta kúrò nínú irinwó, ẹ fi mẹ́ta kún irinwó, ẹ wá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Ó bọ́ sí i rẹ́gí.

Mo lọ bá ọ̀gá ní yàrá olùkọ́. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe púráìmù." Mo ṣàlàyé.

Kò gbójú sókè. "Ọ̀kẹ́ lẹ fẹ́ fi ṣe maths? Àǹtí, ẹ wà lórí probation o. Guide yẹn ni kẹ́ ẹ follow jàre."

Mo nílò iṣẹ́ yẹn. Ọmọ wà lẹ́yìn mi, ọkọ mi ò sì tíì ríṣẹ́. Àmọ́ bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, mo sì pinnu pé ọjọ́ náà ti pé.

Mo wọ kíláàsì, mo kọ 397 × 403 sí bọ́ọ̀dù, mo ní kí wọ́n ṣe é. Ọmọbìnrin kan níwájú ló kọ́kọ́ parí. "Kai, Aunty! It's the same number!" Kíláàsì pariwo, wọ́n ń gbá tábìlì. Ìgbà náà ni mo rí ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ pa á rẹ́," ó ní.

"Dọ́sítà nìyí, sà. Ẹ pa á rẹ́ fúnra yín."

Ó wọlé, ó pa á rẹ́. Kò wojú mi, kò sì wojú àwọn ọmọ.

Tọ́ọ̀mù parí, wọ́n ní kí n máa lọ. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí mo fi délé ní Lokogoma. Ẹni tó bá fẹ́ kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ nǹkan kan ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ẹkún yẹn. Mọ́kànlá ni ọ̀gá dúró sí. Ká ní ó gbìyànjú ọ̀kan péré sí i, mẹ́tàlá ni ì bá kàn. Wọ́n lè lé mi. Ẹ gbé 159,991, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́tàlá, kẹ́ ẹ wò ó bóyá nǹkan kan ṣẹ́ kù.