Bàbá Ó-Dorí-Kodò àti Ohùn Tó Sọnù

"Bàbá àgbà, ṣé ẹ̀yin náà ti fi wáyà sódì rí?"

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló bi í, ọmọ ọdún mọ́kànlá tí kì í lè lajú wo àgbà, ká má tíì sọ pé yóò bi wọ́n ní ìbéèrè. Iwájú ilé-ìwé ni wọ́n dúró sí. Bàbá ká wáyà ọwọ́ rẹ̀, ó kì í bọ àpò, ó ní ó yá, kí àwọn máa lọ sílé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni àdúgbò ṣì fi ń rántí Bàbá, tó ti di olóògbé báyìí. Ọ̀gá ilé-ìwé ti sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún àwọn tó ń jáde, wọ́n sì fi makirofóònù méjì gbà á sílẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Wọ́n wá fẹ́ kí àwọn òbí gbọ́ ọ láti inú sípíkà kan ṣoṣo tó wà lára ògiri. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì, ọ̀gá ò sọ̀rọ̀. Àga ń han, ẹnì kan wúkọ́, àtẹ́wọ́ bú jáde, gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́, àtẹ́wọ́ tún bú jáde. Tíṣà kan rọra sọ fún ìkejì rẹ̀ pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ti sọ láti ọjọ́ yìí, èyí ló dùn jù.

Bàbá dìde láàrin àwọn òbí. "Ó dorí kodò," ló wí.

Ọ̀gá béèrè ohun tó dorí kodò. Bàbá ní ohùn apá òsì ni; ẹni tó so wáyà rẹ̀ ló gbé ti iwájú sẹ́yìn. "Ọ̀gá, ẹ mú ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba. Kí ọ̀kan wà nínú ilé, kí ọ̀kan wà níta, kí wọ́n jọ máa ti ilẹ̀kùn kan náà. Ṣé ilẹ̀kùn yẹn á mira?" Ó ṣàlàyé pé àárín gan-an ni ọ̀gá dúró sí, ohùn rẹ̀ dé etí makirofóònù méjèèjì bákan náà, ìdí nìyẹn tí ohùn méjèèjì fi pa ara wọn nígbà tí wọ́n pàdé nínú sípíkà kan ṣoṣo. Àtẹ́wọ́ fọ́n ká gbogbo gbọ̀ngán ní tirẹ̀, kò rí ẹni pa á. Ó tú ìdí wáyà kan, ó pààrọ̀ ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ọ̀gá sì bú sọ̀rọ̀ láti ara ògiri, odindi ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn òbí kan ò tíì dárí ji Bàbá títí dòní.

Bí orúkọ Ó-Dorí-Kodò ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ìgboyà lọ́jọ́ náà. Agolo kan wà lórí pẹpẹ Bàbá, kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú rẹ̀, Bàbá sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ "Ó BÀJẸ́" sí i lára. Wọ́n ní ohùn ìyá àgbà ló wà níbẹ̀. Ìyá àgbà ti kú kí wọ́n tó bí ọmọ náà, kò sì sí ibòmíràn tó ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò yé e bí ẹni tí kì í jẹ́ kí sípíkà aládùúgbò sinmi ṣe lè fi ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀.

Kì í sì í jẹ́ kí wọ́n sinmi lóòótọ́. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́bàá títì ra sípíkà méjì. Bàbá dúró sáàárín wọn, ó di ojú, ó ní olórin náà ò ní àyà, ẹ̀yìn orí òun ló ti ń kọrin. Onígbàjámọ̀ ní wáyà ni wáyà, iná ò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. "Kò burú," ni Bàbá wí. "Lọ gbé ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ síwájú, kí o rìn dé ìkóríta. Ṣòkòtò ṣáà ni ṣòkòtò." Kó tó jáde tán, onígbàjámọ̀ ti ń wá ohun tí yóò fi tú ìdí sípíkà.

Nígbà kan, ó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lórí àìsàn. Rédíò ń kọrin nínú yàrá náà. Bàbá kí i ní ẹ̀ẹ̀kan péré, ó sì rá wọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù lọ wo wáyà rédíò náà. Nígbà tó pẹ́, aláìsàn dìde lórí ibùsùn, ó lọ di ẹsẹ̀ Bàbá méjèèjì mú, ó sì wọ́ ọ jáde. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń sọ pé òun wo aláìsàn sàn.

Oṣù mẹ́ta kí Bàbá tó kú, etí rẹ̀ ti wúwo. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá gbé agolo náà lé e lẹ́sẹ̀, ó sì sọ ìtàn rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Ìyàwó òun kọrin fún òun, òun sì fi makirofóònù méjì gbà á sílẹ̀. Nígbà tí òun gbé e sí rédíò wọn tó ní sípíkà kan, ìró ìkòkò àti ti adìyẹ nìkan ló jáde. Òun bá a wí pé ó yí ojú kúrò lára makirofóònù. Ìyàwó ní òun ò yí i. Òun ní ó yí i. Kò kọrin síwájú ẹ̀rọ òun mọ́ títí tó fi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ìdí wáyà náà, tí òun rí iṣẹ́ ọwọ́ ara òun, ojú sì ti òun láti tún kásẹ́ẹ̀tì náà gbọ́.

Ọmọ náà gba kásẹ́ẹ̀tì náà sínú kọ̀ǹpútà. Ìlà ohùn méjì hàn, ti apá ọ̀tún lókè, ti apá òsì nísàlẹ̀: ibi tí tòkè ti gòkè ni tìsàlẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, bí igi àti òjìji rẹ̀ nínú omi. Ó yí apá òsì padà, ó pa méjèèjì pọ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Bàbá ò wo ẹ̀rọ. Ojú ọmọ náà ló ń wò.

"Ṣé ó wà láàárín?"

"Ó wà láàárín gan-an, Bàbá àgbà. Wọ́n ń kọrin."

Bàbá mi orí, ó tún mi í. Lẹ́yìn náà ló wá na ara rẹ̀ tọ́ lórí àga, bí ìgbà tó dìde láàrin àwọn òbí.

"Ìbéèrè tó o bi mí níwájú ilé-ìwé yẹn," ló wí. "Mo ti ṣe é rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. A sì ti tún un ṣe."