Àárín ebè ni Bàsírù ti dìde

Ràbí ọmọ ọmọ mi ló ń tẹ èyí sórí fóònù fún mi. Ó ń bínú, nítorí mo fi ọmọ rẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Bàsírù ti lé lọ́dún kan, kò tíì dìde dúró. Inú kẹ̀kẹ́ oníke tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ìrìn, tí ìyá Ràbí fi ránṣẹ́ láti Kútọnu, ló máa ń wà látàárọ̀. Mo yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, mo gbé e lọ sí oko ẹ̀yìnkùlé, mo gbé e kalẹ̀ sáàárín ebè iṣu.

Ràbí pariwo: "Ìyá àgbà, ẹ gbé e, kòkòrò á jẹ ẹ́!"

"Kòkòrò wo? Ṣé ó jẹ ìyá tìrẹ tán ni?"

Àlímà, ìyá Ràbí, ọmọ mi ni. Láyé ìjọba ológun, nígbà tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kamaraadi, bí ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, tí ìjọba ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan jọ dá oko kan, àárín ebè là ń gbé àwọn ọmọ sí. A ń kọ ebè, a ń kọrin. Wọ́n ń di ebè mú, wọ́n ń dìde, wọ́n ń ṣubú. Ẹnikẹ́ni kì í sáré gbé wọn. Lọ́jọ́ tí Àlímà rìn láti ebè kan dé èkejì, gbogbo obìnrin ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Délégé, olórí àdúgbò tí ìjọba yàn láti máa ṣọ́ wa, náà pàtẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ti kú. Mo ṣì ń gbọ́ àtẹ́wọ́ náà.

Bàsírù sunkún. Ó di ebè mú. Ó dìde.



Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìrìn láàárín ebè, ẹ dáhùn níbí. Ràbí, ìyá rẹ ni kí o kọ́kọ́ sọ fún. Sọ fún un pé adìyẹ ti sọ kẹ̀kẹ́ tó fi ránṣẹ́ di ìtẹ́.